Ẹ̀yìn Bébà Eléèéfín

Èmi ni mo ba Bàbá Lọ́lá lórúkọ jẹ́. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi, nítorí tí ẹlòmíràn bá sọ ọ́, ó lè máa bá mi wá àwáwí, kó ní iṣẹ́ ló pọ̀ jù, tàbí kó ní ọmọdé ni mí nígbà náà. Èmi kì í ṣe ọmọdé. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mí nígbà náà, mo ti gba oyè ọ̀mọ̀wé, ẹnu mi sì mú bí abẹ.

Tinúọlá ni orúkọ mi, Oǹdó ni ilé bàbá mi. Láti ọdún 1989 títí di 1995, mo ṣiṣẹ́ ní ilé ìwádìí kékeré kan ní Òkòkómáìkò, nínú ilé alájà kan tí wọ́n ti wó báyìí, tí kò jìnnà sí títì márosẹ̀ Badagry. Iṣan ara ni mò ń wádìí rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: kí ló ń ṣe iṣan tó lágbára tí kò fi ní lè fa nǹkan mọ́, tó tún ń le gbagidi, tí kò ní lè nà kó sì sún padà bíi ti tẹ́lẹ̀?

Bí ẹ bá gé iṣu tí ẹ kò tètè rì í sómi, ojú rẹ̀ á dúdú. Atẹ́gùn ló ṣe é. Atẹ́gùn yìí kan náà ló ń mú irin dípẹtà, òun kan náà sì là ń mí símú tí a fi wà láàyè. Nínú ara wa lọ́hùn-ún, iná díẹ̀díẹ̀ ló ń jó, ara sì mọ bó ṣe ń kápá èéfín rẹ̀. Ìgbà tí èéfín yẹn bá pọ̀ ju agbára ara lọ ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ àwọn fọ́nrán tín-ín-tìn-tín tó para pọ̀ di iṣan. Fọ́nrán á rẹ̀, á sì gan.

Àkèré la fi ń ṣe ìwádìí náà. A ó yọ ẹran tó wà lẹ́yìn ojúgun rẹ̀ méjèèjì. A ó so orí kan mọ́lẹ̀, a ó fi òwú so orí kejì mọ́ ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan. Tí a bá fi iná bátìrì díẹ̀ tọ́ ọ, iṣan á fà, ọ̀pá á gòkè, á sì ha ìlà funfun sára bébà tí a ti fi èéfín kùn dúdú, tí a wé mọ́ agolo kan tó ń yí díẹ̀díẹ̀. Bí iṣan bá lágbára, ìlà á ga. Bí kò bá lágbára, ìlà á kúrú. Iṣan àkọ́kọ́ wà nínú omi oníyọ̀ lásán. Èkejì wà nínú omi tí a kán haidrójìn sí, èyí tí àwọn oníkẹ́míìsì ń tà fún fífọ egbò, nítorí pé atẹ́gùn tó wà nínú rẹ̀ kì í fara balẹ̀. Bí a bá tètè fọ haidrójìn yìí kúrò, agbára iṣan á padà, bí kò tilẹ̀ pé. Bí a bá fi falẹ̀, kò sí iye omi tí a lè dà sí i tí yóò bọ̀ sípò. Lẹ́yìn fífọ̀, ogún ìṣẹ́jú la fi ń dúró kí a tó dájọ́, a kì í sì í fọwọ́ kàn án.

Bàbá Lọ́lá ló ń ṣọ́ aago. Orúkọ rẹ̀ gan-an ni Ezekiel Ọládàpọ̀, ọmọ Ìkọ̀lé-Èkìtì, ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta. Lọ́lá ni àkọ́bí rẹ̀. Òun ló ń fi èéfín àtùpà kun bébà, òun ló ń po omi oníyọ̀, òun ló ń fi òwú so iṣan. Ọwọ́ rẹ̀ a máa gbọ̀n. Ó máa ń sọ pé ìgbà tí kò bá mú nǹkan kan dání nìkan ló ń gbọ̀n, òótọ́ sì ni. Tó bá ti di òwú mú, ọwọ́ náà á dúró jẹ́ẹ́. Ọdún méjì gbáko ni mo fi rí èyí pẹ̀lú ojú ara mi. Ẹ fi sọ́kàn.

Nígbà tí bébà bá ti gba fánísì, kí èéfín ara rẹ̀ má baà pa rẹ́, tó sì gbẹ, èmi ni mo máa ń lẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ńlá kan. Gọ́ọ̀mù kì í sí lọ́fíìsì, sítáàṣì tí a fi ń lọ aṣọ ni mo ń pò. Lọ́jọ́ kan ní ọdún 1990, mo rí i pé Bàbá Lọ́lá ti fi pẹ́ńsù kọ ọ̀rọ̀ Yorùbá sí ẹ̀gbẹ́ àwọn ìlà mi: òjò rọ̀ láàárọ̀, iná lọ lẹ́ẹ̀mejì. Inú bí mi. Àwọn onígbọ̀wọ́ wa láti òkè òkun ni yóò wo ìwé yẹn, mi ò fẹ́ kí wọ́n rò pé ìwé ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni.

"Bàbá Lọ́lá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ nǹkan kan síwájú bébà mi mọ́."

"Ẹ̀yìn rẹ̀ ńkọ́, Dọ́kítà?"

"Ẹ̀yìn rẹ̀ ò kàn mí."

"Ó dáa, mà," ó sì padà sídìí àtùpà rẹ̀.

Nígbà òjò ọdún 1991, àrùn onígbáméjì wọ àdúgbò wa. Òkòkómáìkò, Ìbà, Ọ̀jọ́, kò sí ibi tí kò dé. Omi kànga la ń mu nígbà náà, kànga ẹlòmíràn kò sì jìnnà sí ṣáláńgá. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ń ti ojúlé dé ojúlé, wọ́n ń pín ìyẹ̀fun funfun kan tí òórùn rẹ̀ ń ta ni nímú, pé kí oníkálukú da ṣíbí kan sí kànga. Ìyẹ̀fun náà ṣiṣẹ́, ó gba ẹ̀mí là.

Àárín ìgbà yẹn ni iṣẹ́ mi dàrú. Iṣan tó wà nínú haidrójìn ń rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí mo ṣe retí. Ṣùgbọ́n èyí tó wà nínú omi oníyọ̀ lásán, tó yẹ kó máa ga gogoro, òun náà ń rẹ̀. Tí mo bá fi ìwọ̀n kékeré nà án, tí mo sì gbé ìwọ̀n kúrò, kì í padà síbi tó wà. Bí ẹni tí kò ṣẹ̀ bá ti wá jọ ẹni tó ṣẹ̀, kí ni adájọ́ fẹ́ sọ? Oṣù mẹ́rin ni mo fi ń pàdánù bébà lẹ́yìn bébà, àwọn onígbọ̀wọ́ sì ń bọ̀ ní oṣù Kejìlá.

Mo wá ẹni tí n ó di ẹ̀bi rẹ̀ lé lórí. Kò jìnnà. Mo ní ọwọ́ Bàbá Lọ́lá ló ń gbọ̀n, pé ó ń na iṣan ju bó ti yẹ lọ nígbà tó bá ń so ó, fọ́nrán sì ń já kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́ ní ojú ewé mẹ́ta, gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ dán bíi dígí.

Wọ́n pè é ní oṣù Kọkànlá. Ọ̀gá wa jókòó, àwọn àgbà méjì jókòó tì í, èmi wà lápá kan. Wọn ò fún un ní àga.

"Ọ̀gbẹ́ni Ọládàpọ̀," ọ̀gá wí, "ẹ ti gbọ́ ohun tí Dọ́kítà kọ. Kí lẹ rí sí i?"

"Ọwọ́ mi kọ́, sà. Omi àkèré ni. Oògùn onígbáméjì wà nínú omi tí wọ́n ń sin àwọn àkèré yẹn sí. Àkèré ń fi awọ mumi, sà. Ó ti wọ̀ wọ́n lára kí wọ́n tó délé wa, ó sì ń ṣe iṣan wọn bíi haidrójìn."

"Ìgbà wo lẹ ti mọ̀?" Èmi ni mo béèrè.

"Láti oṣù Keje, mà."

"Ẹ sì dákẹ́ láti oṣù Keje?"

"Mi ò dákẹ́, mà. Mo wá bá yín lọ́fíìsì. Ẹ ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀. Mo sì kọ ọ́ sẹ́yìn bébà."

Mo sọ fún wọn pé mi ò rántí pé ó wá, òótọ́ ni, mi ò rántí. Ọ̀gá wo ìwé ńlá tó wà níwájú mi. Ó ní ṣé a lè wo ẹ̀yìn àwọn bébà náà. Mo ní sítáàṣì ti lẹ̀ wọ́n pinpin, pé tí a bá ní ká ṣí wọn, gbogbo iṣẹ́ ọdún méjì á ya. Mo ní ṣé nítorí àwáwí lẹ fẹ́ kí n ya á?

Bàbá Lọ́lá ló kọ́kọ́ fèsì. "Ẹ má ya á," ó ní. "Iṣẹ́ ni."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló yẹ kó mú mi dúró. Ta ni olè tí yóò bá olóhun ṣọ́ ẹrù rẹ̀? Ṣùgbọ́n ọkàn mi ti le. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà náà ní ìka tó ṣẹ̀ lọba ń gé, wọ́n sì fún un ní ìwé ìfẹ̀yìntì tipátipá, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọwọ́ rẹ̀ kò ṣeé gbára lé mọ́ fún iṣẹ́.

Ìyàwó rẹ̀ wá bá mi nílé ní ọjọ́ kẹta. Lydia ni orúkọ rẹ̀, tíṣà ni ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ọ̀jọ́, ó dàgbà ju ìyá mi kékeré lọ. Ó fẹ́ kúnlẹ̀. Mo gbá a lápá mú kí orúnkún rẹ̀ tó kanlẹ̀, kì í ṣe nítorí ọ̀wọ̀, mo ń yára jáde ni, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ fún un.

"Ẹ̀mí rẹ̀ lẹ fẹ́ gbà," ó ní. "Ẹ wò ó, òun ló ń gbé ife ìdàpọ̀ mímọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ọdún kẹrìnlá rèé. Wọ́n ti gbọ́. Wọ́n ní kó sinmi ná, kí ọwọ́ rẹ̀ má baà da ife sílẹ̀. Ẹ bá mi sọ fún wọn pé ẹ ṣì í gbọ́ ni."

Mo ní mi ò ṣì í gbọ́. Mo ní kó má bínú.

Ohun tó tún wá mú mi gbà pé mo gba ọ̀nà òtítọ́ ni pé kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí Bàbá Lọ́lá lọ tí iṣẹ́ fi dára. Ìlà tuntun ga gogoro, iṣan nà, ó sì sún padà. Inú mi dùn. Mo fi àwọn bébà náà han àwọn onígbọ̀wọ́, wọ́n yìn mí. Mo sọ fún ara mi pé, ṣé ẹ rí i? Mo sọ fún ẹlòmíràn náà.

Ọdún mẹ́ta kọjá lórí rẹ̀.

Ní ọjọ́ kejìlá oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1995, ọyẹ́ mú gan-an, mo sì gbé ìwé ńlá náà sílẹ̀ láti gbọn erùpẹ̀ rẹ̀. Aáyán fò jáde. Aáyán fẹ́ràn sítáàṣì ju ohunkóhun lọ, wọ́n ti fi ọdún mẹ́ta jẹ ohun tí mo fi lẹ bébà, ọyẹ́ sì ti gbẹ èyí tó kù. Bí mo ṣe gbé ìwé náà sókè, àwọn bébà ọdún 1991 bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ sílẹ̀ níkọ̀ọ̀kan. Àwọn kan dojú délẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ṣà wọ́n, mo rí pẹ́ńsù.

Ó kọ ọ́ sí ẹ̀yìn gbogbo wọn. Kò fo ẹyọ kan. Ojú ìwé ni mo máa ń fi sítáàṣì pa kí n tó lẹ bébà, mi ò yí ọ̀kankan wò rí. Àkọsílẹ̀ rẹ̀ kúrú, ọwọ́ rẹ̀ sì gún ju tèmi lọ.

"Ọjọ́ 8, oṣù 7. Àkèré òní ń rùn bí omi kànga tí wọ́n da oògùn sí. Awọ itan wọn pọ́n. Mo so iṣan lẹ́ẹ̀mejì kí n lè mọ̀ bóyá ọwọ́ mi ni. Ọwọ́ kọ́. A fọ̀ ọ́ lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá: ó padà díẹ̀."

"Ọjọ́ 15, oṣù 7. Mo lọ sí Igbó-Elérin. Ìyá Alákèré ní òun ń da oògùn onígbáméjì sí tàǹkì. Mo ní kó má dà á mọ́. A fọ̀ ọ́ lẹ́yìn wákàtí kan: kò padà."

"Ọjọ́ 17, oṣù 7. Mo wọlé tọ Dọ́kítà. Àlejò wà lọ́dọ̀ wọn. Wọ́n ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀, àwọn á kà á. Mo ti kọ ọ́."

"Ọjọ́ 2, oṣù 8. Ó ṣì ń rùn. Dọ́kítà ò tíì sọ nǹkan kan. Wọ́n á ti kà á."

Ibẹ̀ ni mo ti rántí ọjọ́ yẹn. Mo rántí àlejò náà, mo rántí pé mo ń rẹ́rìn-ín, mo rántí orí Bàbá Lọ́lá tó yọ lẹ́nu ilẹ̀kùn, àti ọwọ́ tí mo jù sí i kó padà sẹ́yìn. Mo jókòó sílẹ̀ láàárín aáyán àti bébà. Mo sunkún, mi ò ní purọ́, ṣùgbọ́n ẹkún ara mi ni mo kọ́kọ́ sun.

Ọjọ́ kejì, mo gun ọ̀kadà lọ sí Igbó-Elérin. Mùsítúrà, ọmọ Ìsẹ́yìn tó ń ta àkèré fún wa, ni gbogbo wa ń pè ní Ìyá Alákèré. Ó ti ta ẹja ní Ìyànà Ìbà rí, kó tó rí i pé irà tó wà lẹ́yìn ilé òun ní ohun mìíràn nínú. Tàǹkì oníṣìmẹ́ńtì rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Mo béèrè ọ̀rọ̀ oògùn, kò janpata.

"Àǹtí Dọ́kítà, kí ni màá pa mọ́? Mo dà á sí i o. Ṣíbí mẹ́ta láràárọ̀."

"Ṣíbí kan ni wọ́n ní kẹ́ ẹ dà sí odindi kànga."

"Kànga tiwa nìyẹn. Àwọn yìí, ọ́fíìsì dọ́kítà ni wọ́n ń lọ. Ṣé kí wọ́n wá sọ pé àkèré Mùsítúrà ló kó onígbáméjì wọlé yín ni? Mo ní kí wọ́n mọ́ tóní-tóní."

"Bàbá Lọ́lá ò wá sọ fún yín pé kẹ́ ẹ má dà á mọ́?"

"Wọ́n wá. Mo ní ó dáa. Àmọ́ mo rò ó pé bàbá ń ṣàánú àkèré ni, ẹ mọ̀ pé oníwà pẹ̀lẹ́ ni wọ́n. Mo rọra ń dà á lọ. Ìgbà tí oògùn tán lágolo ni mo ṣíwọ́."

"Ìgbà wo ló tán?"

Ó ronú. "Kò ì tíì pé oṣù kan sí Kérésì. Ọdún onígbáméjì yẹn náà ni." Ó wo ojú mi. "Bàbá yẹn dà gan-an? Ó ti pẹ́ tí mo ti rí wọn. Ẹ bá mi kí wọn."

Mo ní màá kí wọn.

Ẹ gbọ́ ibi tó burú jù báyìí, nítorí pé gbogbo èyí tí mo ti sọ sẹ́yìn, ènìyàn lè pè é ní àṣìṣe. Mo mọ òtítọ́ ní oṣù Kìn-ín-ní. Ìgbìmọ̀ ìgbéga mi yóò jókòó ní oṣù Keje. Ìṣẹ́gun mi lórí wàhálà ọdún 1991 wà lára ohun tí wọ́n fẹ́ gbé mi ga lé. Mo kó bébà náà sínú kọ́bọ́ọ̀dù, mo tì í. Mo ní kí n ṣe èyí tán ná. Mo ní ó ti pé ọdún mẹ́ta tẹ́lẹ̀, kí ni oṣù mélòó kan fẹ́ fi kún un? Èmi tí mo fi gbogbo ayé mi wọn bí ìṣẹ́jú ṣe ń ba iṣan jẹ́ ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Láàárọ̀ gbogbo ni mo ń kọjá níwájú kọ́bọ́ọ̀dù yẹn. Wọ́n gbé mi ga ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù Keje. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi gbé ọtí ẹlẹ́rìndòdò wá, mo mu ún, kò dùn lẹ́nu mi.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo lọ bá ọ̀gá. Ó ka ẹ̀yìn àwọn bébà náà ní ìdúró. Wọ́n kọ létà kan ní gẹ̀ẹ́sì, wọ́n lu òǹtẹ̀, wọ́n ní ìwé ìfẹ̀yìntì tipátipá ti di asán, pé wọ́n dá orúkọ rẹ̀ padà fún un. Èmi ni mo ní n ó mú un lọ.

Ọjọ́ kejìlá oṣù Kẹjọ ni. Ilé wọn wà lójú ọ̀nà tó lọ sí Ìbà láti Ìyànà Ìbà, ilé tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ mọ́ tí kò sì ní ohun púpọ̀. Ìyá Lọ́lá ló ṣílẹ̀kùn. Ó wò mí, ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí n lè kọjá, kò fi omi lọ̀ mí.

Bàbá Lọ́lá dìde lórí àga. Irun rẹ̀ ti funfun tán. "Dọ́kítà, ẹ káàbọ̀, mà," ó ní. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ó ṣì ń pè mí ní mà.

Mo na létà sí i. Ó wá awò rẹ̀, ó kà á, ó tún un kà.

"Kí ni wọ́n kọ?" Ìyá Lọ́lá bi í.

"Wọ́n ní àṣìṣe kan wáyé."

"Àṣìṣe ta?"

Mo kúnlẹ̀. "Tèmi ni, mà," mo ní. "Ẹ̀yìn bébà tí bàbá ní ká wò, mi ò jẹ́ kí wọ́n wò ó. Gbogbo ohun tí wọ́n sọ ló rí bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ wọn ò ṣẹ̀. Ìka tí kò ṣẹ̀ ni mo ní kí wọ́n gé. Ẹ foríjì mí."

"Ẹ dìde," Ìyá Lọ́lá wí. Ohùn rẹ̀ ò ga. "Èmi náà fẹ́ kúnlẹ̀ nílé yín lọ́jọ́sí. Ẹ ò jẹ́ kí orúnkún mi kanlẹ̀, ẹ ní ẹ ń yára. Tiyín ti kanlẹ̀, ó tó. Ta ló máa wá lọ sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì?"

"Èmi ni, mà. Mo ní ẹ̀dà rẹ̀ lọ́wọ́. Màá kà á fún wọn lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀."

Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Bàbá Lọ́lá ṣí awò rẹ̀ kúrò, ó nù ún, ó tún fi í sójú.

"Dọ́kítà, ọjọ́ wo lẹ kà á?"

"Kí ni, sà?"

"Ẹ̀yìn bébà. Ọjọ́ wo lẹ kà á?"

Mo lè sọ pé ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Kò sí ẹni tó mọ̀ láyé yìí àfi èmi àti aáyán. Mo wo ọkùnrin náà, tó so iṣan lẹ́ẹ̀mejì kó lè mọ̀ bóyá ọwọ́ òun ló jẹ̀bi, irọ́ náà sì kọ̀ láti jáde.

"Ọjọ́ kejìlá oṣù Kìn-ín-ní," mo ní.

Ìyá Lọ́lá mí kanlẹ̀. Ọkọ rẹ̀ yọ pẹ́ńsù kan nínú àpò ẹ̀wù rẹ̀, ó yí létà náà dé, ó gbé e lé orí itan. Ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n lófuurufú, ó gbọ̀n gan-an, ju bí mo ṣe mọ̀ ọ́n lọ. Nígbà tí ẹnu pẹ́ńsù kan bébà, ọwọ́ náà dúró. Ó kọ̀wé fún ìgbà díẹ̀, ó sì yí i sí mi kí n kà á.

"Ọjọ́ 12, oṣù 8, 1995. Òjò ò rọ̀. Dọ́kítà wá fúnra wọn, wọ́n sì sọ òótọ́. Wọ́n ti mọ̀ láti ọjọ́ 12, oṣù 1. A fọ̀ ọ́ lẹ́yìn oṣù méje:"

Ibẹ̀ ló dúró sí. Ó ti kán àmì méjì yẹn sílẹ̀, ọ̀kan lórí èkejì, kò sì kọ ohun tó máa ń tẹ̀ lé e, bóyá ó padà tàbí kò padà.

"Bàbá, kí ló máa wà níbí?" mo bi í.

"Ogún ìṣẹ́jú la fi ń dúró," ó ní. "Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi."

A jókòó. Aago kan wà lára ògiri, mo gbọ́ ọ. Mo gbọ́ àwọn ọlọ́kadà lójú ọ̀nà Ìbà, mo gbọ́ ọmọ aládùúgbò kan tó ń ka ìwé sókè. Ìyá Lọ́lá dìde lẹ́ẹ̀kan, ó wọ yàrá, ó tún padà wá jókòó. Mi ò tíì rí ogún ìṣẹ́jú tó gùn tó ìyẹn rí, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ mi ni láti máa ka ìṣẹ́jú.

Nígbà tó pé, Bàbá Lọ́lá wo aago, ó wò mí. Kò mú pẹ́ńsù. Ó dìde, ó ní kí n jẹ́ kí òun sìn mí dé ojú ọ̀nà, nítorí pé ilẹ̀ ń ṣú lọ. Lẹ́nu ọ̀nà ni ó ti fi létà náà lé mi lọ́wọ́.

"Ẹ mú un dání, ẹ fi sínú ìwé pẹ̀lú àwọn yòókù," ó ní. "Ẹ má fi sítáàṣì lẹ̀ ẹ́."

Mo ka ẹ̀dà rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn lọ́jọ́ Ìsinmi, ní gẹ̀ẹ́sì àti ní Yorùbá, mo sì fi orúkọ ara mi síbi tí létà kò ti dárúkọ ẹnikẹ́ni. Wọ́n gbé ife fún un padà. Wọ́n ní ó gbé e kárí gbogbo ènìyàn láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi kan, kò da ẹ̀kán kan sílẹ̀, nígbà tí ìsìn sì parí, ó fọ ife náà, ó nù ún, ó dá a padà fún wọn pé ó tó. Ilé ìwádìí náà ránṣẹ́ sí i pé kó padà wá. Kò wá.

Ó kú ní ọdún 1998. Mo lọ síbi ìsìnkú rẹ̀, ẹ̀yìn ni mo jókòó sí. Ìwé ńlá náà wà lọ́dọ̀ mi títí di òní. Píìnì kan ṣoṣo ni mo fi kọ́ létà yẹn mọ́ ọn, kí ẹnikẹ́ni tó bá ṣí i lè yí i wò. Àyè tó wà lẹ́yìn àmì méjì yẹn ṣì ṣófo. Èmi ò kọ nǹkan kan sí i.